Fọ́ọ̀mù kọ́píráìtì Google, Content ID àti WordPress.com: èwo ló ń dá èké dúró?

Bí ẹnìkan bá fẹ́ kí ìròyìn tí ẹ kọ nípa rẹ̀ pòórá lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, kò nílò lọ́yà, kò sì ní láti bẹ̀ yín. Fọ́ọ̀mù kọ́píráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́, ni yóò wá lọ. Yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun lòun ni iṣẹ́ náà, pé ẹ jí i kọ ni. Kọ́bọ̀ kan ò ní jáde lápò rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n purọ́ mọ́ lẹ máa wá ẹlẹ́rìí kiri.

Iṣẹ́ mẹ́ta la gbé yẹ̀ wò: fọ́ọ̀mù tí Google fi ń yọ líǹkì kúrò nínú àbájáde ìwákiri rẹ̀, Content ID, ẹ̀rọ tí YouTube fi ń wá orin àti fíìmù oníǹkan nínú fídíò, àti ọwọ́ tí Automattic, tó ni WordPress.com tí àwọn ènìyàn ń gbé búlọ́ọ̀gì sí, fi ń mú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. A ò béèrè bóyá wọ́n ń mú olè, torí wọ́n ń mú un dáadáa. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ń já sí nígbà tí olè fúnra rẹ̀ bá jókòó sídìí fọ́ọ̀mù, tó wá ń pe onílé lólè.

Òfin kọ́píráìtì Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní DMCA ni gbogbo wọn dúró lé. Bill Clinton ló buwọ́ lù ú lóṣù kẹwàá ọdún 1998. Abala 512 rẹ̀ sọ pé iléeṣẹ́ tó gba ìkànnì sílé kò ní san owó ìtanràn lórí ohun tí oníbàárà rẹ̀ gbé síbẹ̀, bó bá ṣáà ti tètè yọ ọ́ nígbà tí ẹ̀sùn dé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Iléeṣẹ́ tó bá yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ kò ní wàhálà kankan, èyí tó bá ní kí òun wádìí ná ló ń fi orí ara rẹ̀ wéwu. Oníròyìn tó jókòó s'Ábẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, tó ń lo hósítì (iléeṣẹ́ tó gba ìkànnì sílé) Amẹ́ríkà, tó ń wá òǹkàwé lórí Google, òun náà wà lábẹ́ òfin yìí, bó mọ̀, bí kò mọ̀.

Ẹ tún wo bí òfin náà ṣe pín ìbúra. Ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn yóò kọ orúkọ àti ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kàn sí i, yóò dárúkọ iṣẹ́ tó ní òun ni, yóò fi líǹkì tó fẹ́ kí wọ́n yọ síbẹ̀, yóò ní òun gbà tọkàntọkàn pé kò sẹ́ni tó fún yín láṣẹ, yóò sì buwọ́ lù ú. Nínú gbogbo rẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ìbúra: pé òun láṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹni tó ni iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dáhùn ńkọ́? Ẹ óò búra pé àṣìṣe ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi yọ ọ́. Ẹ óò kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù, ẹ óò sì gbà kí kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò débẹ̀ rí. Gbogbo ìwé yìí, ọwọ́ ẹni tó fẹ̀sùn kàn yín ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Oníròyìn tó ń tọpa àwọn tó ń kó owó ìlú jẹ yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi àdírẹ́sì ilé rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 10, ó pọ̀ tán 14, ni iléeṣẹ́ náà yóò fi dúró kó tó dá a padà, àyàfi bí ẹni yẹn bá ti gbé yín lọ sí kóòtù. Bí ìròyìn náà bá dá lórí ìdìbò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó fẹ́ kó lọ ti rí ohun tó ń wá.

Google: ìràwọ̀ 2 nínú 5

Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, líǹkì tí wọ́n ti ní kí Google yọ nítorí kọ́píráìtì ti lé ní bílíọ̀nù 10. Ojú ènìyàn kò lè ka ìyẹn. Àwọn onífíìmù àti olórin ńláńlá máa ń háyà iléeṣẹ́ tí yóò bá wọn ṣọ́ iṣẹ́ wọn. Iléeṣẹ́ ọ̀hún yóò fún sọ́fítíwià rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí yóò máa wá kiri, ibi tí sọ́fítíwià bá ti rí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀sùn ti délẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ṣí ojú ìwé náà wò.

Ìdí nìyẹn tí Microsoft fi fẹ̀sùn kan BBC, CNN àti Wikipedia lọ́dún 2012 nítorí ẹ̀dà ayédèrú Windows 8: nọ́ńbà 45 tó wà lójú ìwé àwọn yẹn ni rọ́bọ́ọ̀tì rí. Lọ́dún 2013, ẹ̀sùn tí wọ́n kọ lórúkọ HBO kó VLC mọ́ ọn, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé fi ń wo fídíò. Lọ́dún 2016, iléeṣẹ́ tí Warner Bros. háyà ní kí Google yọ ojú ìwé ìkànnì Warner Bros. fúnra rẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní Berkeley àti ti Columbia gbé irú ẹ̀sùn báyìí tó lé ní mílíọ̀nù 108 yẹ̀ wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2016: nǹkan bí ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ àti ohun tí wọ́n ní kí wọ́n yọ kò jọra rárá, nǹkan bí ìdá 30 sì ni ohun kan ń kọni lóminú nínú rẹ̀.

Àṣìṣe nìyẹn ṣì jẹ́. Èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ló ń pa oníròyìn lára, ọgbọ́n tí wọ́n sì ń lò kò le. Wọ́n á da ìròyìn yín kọ láti òkè délẹ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ búlọ́ọ̀gì ọ̀fẹ́ kan, Blogger tàbí Tumblr, wọ́n á sì yí ọjọ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn. Àwọn búlọ́ọ̀gì wọ̀nyí gbà kí oníǹkan yan ọjọ́ tó bá wù ú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ̀wé sí Google pé: ẹ wò ó, a ti kọ tiwa ṣáájú, àwọn yìí ló jí i. Olùwádìí kan ní Lumen, àkójọ ìwé ẹ̀sùn tó wà ní Harvard, rí irú ẹ̀sùn yìí tó lé ní 30,000 láàárín ọdún 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Ìròyìn tó tú àṣírí ènìyàn ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fẹ́ yọ.

Bí wọ́n bá ṣe é sí yín, ojú ìwé ayédèrú náà ló máa ń tú ara rẹ̀ fó. Ká ní ìròyìn yín jáde lóṣù kẹfà ọdún 2021, tiwọn sì sọ pé 2018 ni tàwọn. Ẹ tẹ fọ́tò inú rẹ̀, kí ẹ ṣí i lójú ìwé tirẹ̀, kí ẹ wo àdírẹ́sì rẹ̀. WordPress máa ń to fọ́tò sínú fódà ọdún àti oṣù, bíi uploads/2021/06. Ẹni tó bá sáré da ìròyìn kọ kì í sábà ráyè yọ ìyẹn, nígbà mìíràn fọ́tò náà ṣì ń wá tààrà láti orí ìkànnì yín. Ẹ ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pẹ̀lú: bó bá mẹ́nu kan kòrónà, kò lè jẹ́ pé 2018 ni wọ́n kọ ọ́. Bó bá ní orúkọ ìkànnì tirẹ̀, ẹ lọ sórí ICANN Lookup kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ra orúkọ náà. Ìkànnì tí wọ́n rà lóṣù tó kọjá kò lè ti gbé ìròyìn jáde lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ ya fọ́tò ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà fún gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì fi líǹkì wọn pamọ́ sórí Wayback Machine, àkójọ tó ń pa ẹ̀dà ojú ìwé mọ́, torí wọ́n sábà máa ń pa búlọ́ọ̀gì náà rẹ́ bí iṣẹ́ bá ti parí.

Ìdí tí a kò fi fún Google ní ìràwọ̀ 1 ni pé ó ń fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí Lumen. Bí wọ́n bá yọ líǹkì, àkọsílẹ̀ kékeré kan máa ń wà nísàlẹ̀ àbájáde ìwákiri tó máa gbé yín lọ síbẹ̀. Lumen á béèrè ímeèlì yín kó tó fi àdírẹ́sì ojú ìwé náà hàn ní kíkún. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí orúkọ tí wọ́n lò àti líǹkì tí wọ́n pè ní ojúlówó. Ẹ fi orúkọ náà wá àwọn ẹ̀sùn mìíràn, bóyá ẹ óò rí i pé òun kan náà ló ń dárúkọ oníròyìn mẹ́wàá. Lóṣù kọkànlá ọdún 2023, Google fúnra rẹ̀ gbé àwọn kan lọ sí kóòtù ní California pé wọ́n fi àkáǹtì tó tó 65 kọ ẹ̀sùn irọ́ lórí líǹkì tó lé ní 117,000. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí líǹkì tó tó ìyẹn, ta ló ń wo fọ́ọ̀mù?

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ onílé ìkànnì ò kà sí. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2012, Google ti ń ka iye ẹ̀sùn tó gbà wọlé lórí ìkànnì kan mọ́ ohun tó fi ń to àbájáde ìwákiri. Ẹ̀sùn irọ́ tí ẹ fojú fo kì í mú ìròyìn kan ṣoṣo lọ, ó lè ti gbogbo ilé yín sẹ́yìn. Torí náà, bó ti wù kí ìròyìn náà kéré tó, ẹ fèsì. Ẹ forúkọ ìkànnì yín sílẹ̀ ní Search Console, iṣẹ́ Google fún onílé ìkànnì, torí ibẹ̀ ni ìwé ẹ̀sùn máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ yín, líǹkì fọ́ọ̀mù àtakò sì wà nínú rẹ̀.

Content ID: ìràwọ̀ 3 nínú 5

Èyí kì í ṣe fọ́ọ̀mù tí gbogbo ayé lè kọ. YouTube gbé e jáde lọ́dún 2007 fún àwọn tó ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ni orin tàbí fíìmù yóò fún wọn ní ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀rọ yóò fa àmì ìdánimọ̀ yọ nínú rẹ̀, yóò sì máa fi wé gbogbo fídíò tí ènìyàn bá gbé sókè. Bó bá bá ara mu, oníǹkan ti yàn tẹ́lẹ̀ ohun tí wọ́n máa ṣe: kí wọ́n dí fídíò náà, kí owó ìpolówó rẹ̀ máa bọ́ sápò òun, tàbí kí òun kàn máa wo iye ènìyàn tó ń wò ó.

YouTube sọ nínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún 2021, kíléèmù (ẹ̀sùn tí ẹ̀rọ yìí ń gbé jáde) tó lé ní mílíọ̀nù 722 wáyé, pé àtakò kò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ń fi ìyẹn yangàn. Àwa ń wo ìyókù rẹ̀: nínú àwọn tó takò, ìdá 60 ló jàre. Bí ẹni tó bá fèsì bá ń jàre jù báyìí, ó yẹ kí ẹ̀rù má ba àwọn tó dákẹ́. Ìjábọ̀ kan náà sọ ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́: nínú fídíò tí wọ́n ní kí wọ́n yọ nípasẹ̀ fọ́ọ̀mù tí gbogbo ayé lè kọ, ó lé ní ìdá 8 tó jẹ́ pé jìbìtì ló wà nídìí ẹ̀sùn rẹ̀. Ti Content ID kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlẹ̀kùn tí kì í ṣí fún gbogbo ayé ló fà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlẹ̀kùn ọ̀hún ti ṣí fún ọ̀daràn rí. Àwọn méjì kan ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn ló ni orin Látìn tó lé ní 50,000, wọ́n sì fi Content ID kó owó tó lé ní mílíọ̀nù 23 dọ́là kí ọwọ́ òfin tó tẹ̀ wọ́n. Lọ́dún 2023 ni kóòtù rán ọ̀kan nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́wàá.

Àléébù tó wọ́pọ̀ kì í ṣe jìbìtì, ẹ̀dà tí kò mọ́ ni. Lóṣù kẹjọ ọdún 2012, wọ́n yọ fídíò tí NASA fi hàn bí ọkọ̀ Curiosity ṣe balẹ̀ sórí Mars, torí iléeṣẹ́ ìròyìn kan ní òun ló ni ín. Bí tẹlifíṣọ̀n bá fi fídíò ẹlòmíràn sínú ìròyìn rẹ̀, tó wá kó gbogbo ìròyìn náà fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò mọ̀ pé apá kan nínú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Lọ́dún 2018, fídíò wákàtí 10 tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ariwo rédíò tí kò mú sítéṣọ̀n gba kíléèmù márùn-ún.

Lọ́dọ̀ wa, ibi tó ti ń bu àwọn onífíìmù Yorùbá tó ń gbé fíìmù sórí YouTube jẹ ni bíìtì. Ẹ ra bíìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsanwó pé kó jẹ́ tiyín nìkan. Olórin kan ra bíìtì kan náà, ó kọrin sí i, ẹni tó ń bá a pín orin káàkiri fi àmì sí àpótí Content ID. Láti ìgbà yẹn, ibi tí bíìtì bá ti dún nínú fíìmù yín, tirẹ̀ ni ẹ̀rọ á pè é. YouTube kò gbà kí wọ́n fi irú bíìtì bẹ́ẹ̀ sínú Content ID, àmọ́ kò lè mọ̀ bí ẹ ò bá sọ fún un. Orin ìjọ náà ní tirẹ̀: ẹni tó kọ ọ́ lè ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún, kó má sì sẹ́ni tó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ akọrin tó gbà á sílẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ ló ni ohùn tó wà nínú àwo. Bí ẹgbẹ́ akọrin tiyín bá kọ ọ́ fúnra wọn tí kíléèmù sì dé, ẹ ní ẹjọ́. Bí ẹ bá fà á yọ nínú àwo ẹlòmíràn, ẹ ò ní.

Bí ẹ ṣe máa takò ó rèé. Nínú YouTube Studio, ẹ lọ síbi tí gbogbo fídíò yín wà, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ "Copyright" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò náà, ẹ wo ìṣẹ́jú tí wọ́n ní ó wà gan-an kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Kí ọjọ́ 5 tó pé ni kí ẹ takò ó, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa fi pa owó ìpolówó mọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kíléèmù dé. Bí ẹ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ẹ takò ó ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á mọ́. Oníkíléèmù ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Bó bá dákẹ́, kíléèmù ti lọ nìyẹn. Bó bá kọ̀, ẹ lè pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọjọ́ 7 ló sì ní láti dáhùn ìyẹn. Ibí ni kí ẹ ti ṣọ́ra: bó bá tún kọ̀, ìwé ẹ̀sùn DMCA gan-an ló kù tó lè kọ, ìyẹn sì ń fún ìkànnì YouTube yín ní sítíráìkì, àmì ẹ̀bi kan. Mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90, ìkànnì lọ. Nítorí náà, ẹni tí kò ní rìsíìtì lọ́wọ́ kó má lọ dé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kó gé ibẹ̀ kúrò tàbí kó pa ohùn rẹ̀, kíléèmù á lọ láìjà.

Ohun tí ẹ máa kọ ṣe kókó. "Mi ò fẹ́ ja ẹnikẹ́ni lólè" kò wúlò. "Mo dárúkọ olórin náà nísàlẹ̀ fídíò" kò wúlò. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí bíìtì bẹ̀rẹ̀, orúkọ ẹni tó tà á, ọjọ́ tí ẹ rà á, nọ́ńbà rìsíìtì àti gbólóhùn inú àdéhùn tó sọ pé ẹ lè lò ó fún fíìmù. Ìlà márùn-ún ti tó.

WordPress.com: ìràwọ̀ 4 nínú 5

Kò sí ẹ̀rọ arà kankan níbí. Ènìyàn ló ń ka ẹ̀sùn, wọ́n máa ń kọ èyí tí kò pé, wọ́n sì ti gbé àwọn tó burú jù jáde fáráyé rí. Wọ́n tún ti lọ sí kóòtù nítorí oníbàárà. Lọ́dún 2013, ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èsì ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ oníròyìn kan tó bi wọ́n ní ìbéèrè. Nígbà tí ìròyìn náà kò dùn mọ́ wọn nínú, wọ́n ní àwọn ló ni kọ́píráìtì èsì yẹn, kí WordPress.com yọ ọ́. Ó yọ ọ́ lóòótọ́, torí ìwé ẹ̀sùn pé, ṣùgbọ́n Automattic àti akẹ́kọ̀ọ́ náà jọ pẹjọ́ ni. Lọ́dún 2015, kóòtù ní kí ẹni tó kọ ẹ̀sùn san 25,084 dọ́là, 960 nínú rẹ̀ fún oníròyìn, owó lọ́yà ló sì kó èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kò yọjú, òkè òkun ló sì wà. Ẹjọ́ ti dá, gbígba owó ló kù.

Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ìdí sì wà. Abala 512(f) ló ní kí òpùrọ́ san owó, àmọ́ nínú ẹjọ́ fídíò ìṣẹ́jú àáyá 29 tí ọmọ kékeré ti ń jó sí orin Prince, kóòtù sọ lọ́dún 2015 pé oníkọ́píráìtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rò ó bóyá òfin gba ènìyàn láàyè láti lo iṣẹ́ òun bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti gbà á lọ́kàn ara rẹ̀, kódà bó ṣìnà, ó bọ́. Ta ló fẹ́ fi ẹ̀rí inú ọkàn ẹlòmíràn hàn adájọ́?

Òfin tiwa gba ọ̀nà mìíràn. Òfin Kọ́píráìtì Nàìjíríà ti 2022, tí Buhari buwọ́ lù lóṣù kẹta ọdún 2023, ní kí iléeṣẹ́ kọ́kọ́ sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé ẹ̀sùn dé, bí kò bá sì wí àwíjàre kankan láàárín ọjọ́ 10 ni kí wọ́n yọ ọ́. Ìyẹn sàn ju kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ká Google àti hósítì òkè òkun lọ́wọ́ kò títí di báyìí.

Ohun tí ẹ lè ṣe ṣáájú kò wọ́n. Lọ́jọ́ tí ìròyìn bá jáde, ẹ fi pamọ́ sórí Wayback Machine, ọjọ́ tí ibẹ̀ bá kọ kò ṣeé yí padà láti ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí RSS yín, ìlà tí ẹ̀rọ fi ń gba ìròyìn tuntun yín, gbé odidi ìròyìn jáde, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ti tó, torí ibẹ̀ ni rọ́bọ́ọ̀tì ti ń dà á kọ. Ẹ bá lọ́yà kan sọ̀rọ̀ ṣáájú pé àdírẹ́sì ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ máa fi sínú ìwé àtakò dípò tilé yín. Kí ẹ tó sanwó fún hósítì, ẹ fi ímeèlì bi wọ́n: ṣé ẹ máa ń kàn sí oníbàárà kí ẹ tó yọ nǹkan, àbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni? Ṣé ojú ìwé kan lẹ máa ń yọ, àbí gbogbo ìkànnì lẹ máa ń tì? Hósítì tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kejì yẹn, ẹ má sanwó ọdún kan fún un.